Lífù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìtàn àròsọ ojú ìwé 210, ilé tó kún: báwo la ṣe máa tò ó?

Akọ̀wéMọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Ìbéèrè mi rèé. Mo ní ìtàn àròsọ kan tó ti parí ní ìkọ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ 52,000, Yorùbá pọ́ńbélé. Lífù mi jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 15, inú oṣù kẹjọ ló bọ́ sí. Àwọn ọmọ mẹ́ta ti gba họlidé (ọdún 11, ọdún 7, ọdún 2). Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ń jáde nílé láago méje àárọ̀, ó ń wọlé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iná, ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Mo fẹ́ parí àtúnṣe ìwé yìí kí lífù tó tán, mi ò sì fẹ́ di àlejò nínú ilé ara mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Gègé

Ẹ kú ètò, mà. Ká kọ́kọ́ ṣírò. Tó bá kan ìwé, lífù ọjọ́ 15 kì í jẹ́ ọjọ́ 15. Ẹ yọ ọjọ́ méjì tí Mama bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ yọ ọjọ́ kan fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò ní yá. Kó tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́, nítorí òtútù oṣù kẹjọ kì í fojú fo ọmọ kékeré. Ẹ yọ ọjọ́ kan tí ẹ̀yin fúnra yín ò ní lè dìde. Ó ku 11. Ẹni tó ní ọmọ ọdún méjì nílé, wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ ló lè fọwọ́ sọ̀yà sí. Wákàtí 33 ni gbogbo ohun tí ẹ ní.

Bí mo ṣe máa pín in rèé. Wákàtí 5 láti ka ìwé náà látòkè délẹ̀ láì fọwọ́ kan ohunkóhun. Wákàtí 4 láti to àwọn ìran sínú àtẹ. Wákàtí 14 láti tún àwọn ìran tó wọ́ kọ, láti gé èyí tí kò wúlò, láti kọ èyí tó sọnù. Wákàtí 3 fún ọjọ́, orúkọ àti ìkíni (bí àwọn ẹ̀dá ìtàn ṣe ń pe ara wọn). Wákàtí 7 tó kù, kíkà sókè: ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan máa lo nǹkan bí wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 lórí ọ̀rọ̀ 52,000. Mi ò fi àmì ohùn sí i. Ìyẹn iṣẹ́ àkókò ariwo ni, ẹ lè ṣe é ní pálọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kú sí: wọ́n ṣí orí kìn-ín-ní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbólóhùn. Ní ọjọ́ kẹwàá wọ́n wà ní orí kẹrin, orí kẹrin yẹn sì dùn bí oyin. Ìgbà tí wọ́n bá dé orí kẹtàlá ni wọ́n tó rí i pé ìtàn ò nílò orí kẹta àti kẹrin rárá. Ta ló fẹ́ gé ohun tó ti fi ọjọ́ mẹ́rin dán? Wọ́n á fi í sílẹ̀, ìwé á sì rọ́ láàárín. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi gbọdọ̀ mú báírò dání nígbà kíkà àkọ́kọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, àmì mẹ́ta péré sì ni kí ẹ máa fi sí etí ìwé: ilà kan níbi tó ti sú yín, àmì ìbéèrè níbi tí kò yé yín, òdo níbi tí ẹ rò pé ẹ ti sọ ọ́ rí. Ẹ kọjá lọ.

Àtẹ ìran: ìlà kan fún ìran kan. Ẹ kọ ta ló wà níbẹ̀, ibo ni, ọjọ́ wo, àti kí ló yí padà kí ìran tó parí. Tí ẹ ò bá rí ohun tí ẹ máa kọ síbi "kí ló yí padà", ẹ pa ìran yẹn pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e tàbí kí ẹ gé e. Nínú ìkọ àkọ́kọ́ tó gùn tó báyìí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí irú ìran bẹ́ẹ̀ bá tó mẹ́jọ.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo

Gègé ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé.

Ìdájí tàbí òru, ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó bá mú méjèèjì, ọjọ́ karùn-ún ló máa pariwo mọ́ ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ìwé yẹn ni. Pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì, ìdájí ló dáa jù: aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ sì ti sùn láago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Wákàtí méjì nìyẹn. Ìkẹta ni ìgbà tí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án. Iṣẹ́ orí pípé (ìran tó wọ́, orí tó fẹ́ yí padà) ti ìdájí ni. Ẹ má gbé e sí ọ̀sán. Ọmọ tó ń sùn lè jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹni tí wọ́n sì já lẹ́nu àárín ìran máa ń gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ. Ìkíni, orúkọ, ọjọ́, ìyẹn ṣeé gbé sílẹ̀ kí a sì gbé padà.

Ọmọ ọdún 11 kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹ fún un ní wákàtí kan péré, kí iṣẹ́ náà ní orúkọ: "Láti aago kan sí méjì, ìwọ lo wà pẹ̀lú àbúrò rẹ kékeré tó bá jí, omi rẹ̀ nìyí, bísíkíìtì rẹ̀ nìyí, tó bá ń sunkún ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wá pè mí." Ọmọ tí wọ́n kàn sọ fún pé "máa wo ilé" á máa kan ilẹ̀kùn ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́.

Oúnjẹ ló ń jẹ àkókò ju ọmọ lọ. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú lífù, ẹ dín ata ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bọ ata lílọ̀ náà títí omi rẹ̀ á fi gbẹ kí ẹ tó da òróró sí i. Ata tí omi wà nínú rẹ̀ ló ń tètè kan. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, nítorí ọbẹ̀ tí a dé ní gbígbóná á làágùn, omi òógùn yẹn á sì bà á jẹ́. Abọ́ mẹ́fà, abọ́ kan fún ọjọ́ kan, sínú fírísà. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí i wò! Fírísà tó kún lè di òtútù mú fún nǹkan bí wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún nǹkan bí 24, tí a ò bá ṣáà ti ṣí i. Tí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ti yọ́, ẹ̀yin lẹ ń yọ́ ọ.

Ti Mama. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má gbé ìwé kankan jáde. Ẹ jókòó, ẹ jọ jẹun, ẹ béèrè àwọn ará ilé lọ́wọ́ wọn. Ọkọ yín ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀ ìwé náà fún ìyá rẹ̀, lórí fóònù, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀: "Màámi, ìyá àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe ní ìdájí, tó bá fi máa di aago méje ó ti parí." Gbólóhùn kan náà, tó bá ti ẹnu ìyàwó jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dé, á dà bí ìgbà tí a mọ ògiri dí àlejò lọ́nà. Ẹ rántí pé àgbàlagbà kì í sùn dójú ọ̀sán: wọ́n á ti jí láago márùn-ún láti gbàdúrà. Ẹ dìde lórí ìwé, ẹ lọ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹni tó bá dúró di aago méje kó tó kí wọn ti dá ọ̀ràn tí ìwé kankan ò lè tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi: lífù tí òfin Bìrìtìkó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5.6, ìyẹn ọjọ́ 28, àwọn ọgá ibiṣẹ́ sì lè ka àwọn ọlidé ìjọba mọ́ ọn. Họlidé àwọn ọmọ nígbà ooru tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má kó gbogbo ọjọ́ yín dà sínú oṣù kẹjọ. Ẹ gba ọ̀sẹ̀ méjì fún kíkà àti àtẹ ìran, kí ẹ wá máa gba ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá wọlé. Ìwé nílò kó sinmi díẹ̀ láàárín àtúnṣe kan sí èkejì, ojú yín náà nílò rẹ̀. Láìbríì àdúgbò ní tábìlì ọ̀fẹ́ àti ìwé ọmọdé lábẹ́ òrùlé kan. Wákàtí kan ààbọ̀ ni ọmọ ọdún 7 lè fara dà níbẹ̀, ẹ má rò pé á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́Èdè

Mo fara mọ́ Gègé, àfi wákàtí 3 tó yà sọ́tọ̀ fún ìkíni àti orúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn Yorùbá ti ń já, àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà tí a kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ò sì lè bá yín dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya àtẹ "o" àti "ẹ". Orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn lápá òsì, orúkọ kan náà lókè, kí ẹ kọ bí ẹni apá òsì ṣe ń pe ẹni òkè síbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ̀dá ìtàn 12 á fún yín ní ojú 132, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, kò ní gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìtàkùrọ̀sọ nìkan. Ẹ máa rí ìyàwó tó ń sọ "ẹ" fún àbúrò ọkọ rẹ̀ ní orí kejì (ó bá a nílé, ó tọ́) tó wá ń sọ "o" fún un ní orí kẹsàn-án láìjẹ́ pé wọ́n jà. Tí wọ́n bá jà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹnì kan nínú yàrá yẹn gbọ́ ọ, kí ojú rẹ̀ yí padà. "O" kan ṣoṣo níbi tí "ẹ" ti yẹ kó wà lè ṣe ohun tí ojú ìwé méjì ìbínú ò lè ṣe.

"Wọ́n" ni ìkejì. "Wọ́n ti dé": ṣé Bàbá ni, àbí ọlọ́pàá mẹ́ta? Ẹ pinnu bí òpìtàn yín ṣe máa pe àgbà. Tó bá jẹ́ "ó" ni, kó jẹ́ "ó" títí dé ìparí. Tó bá jẹ́ "wọ́n", orúkọ tàbí oyè ẹni náà gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn tó ṣáájú.

Ìkẹta, "òun". "Adé sọ pé òun máa lọ", Adé ló ń lọ. "Adé sọ pé ó máa lọ", ẹlòmíì ló ń lọ. Ẹ wá "pé ó" káàkiri ìwé náà, kí ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ó ń súni, ó sì ń gba ìtàn là.

Ọjọ́ àti ìgbà: ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, a ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á tún ná an, ẹ̀yìn ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tí ọjà abúlé yín bá ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òǹkàwé tó dàgbà lábúlé á rẹ́rìn-ín yín. Kí iṣu tuntun má jáde nínú ọyẹ́. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, Táíwò ló kọ́kọ́ jáde. Ìdòwú ló ń tẹ̀ lé ìbejì, kí Àlàbá tó dé. Ẹ yẹ ọjọ́ orí wọn wò pẹ̀lú ìyẹn.

Ibi tí mi ò ti gbà pẹ̀lú Gègé: àmì ohùn kì í ṣe iṣẹ́ ariwo pátápátá. Ẹ lè fi í sí i ní pálọ̀, àmọ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò ní pálọ̀. Ojú tó rẹ̀ máa ka ohun tó mọ̀, kì í ṣe ohun tó rí. "Ọkọ mi bàjẹ́" àti "ọkọ̀ mi bàjẹ́" kì í ṣe ẹjọ́ kan náà. Ẹ kọ nǹkan bí ogún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ìwé yín ń lò sílẹ̀ (ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀; igbá, ìgbà, igba), kí ẹ wá wọn níkọ̀ọ̀kan ní ìdájí kan. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ẹ tẹ̀ lé: ayé, kì í ṣe aiye, ènìyàn, kì í ṣe enia, yóò, kì í ṣe yio, wọ́n, kì í ṣe nwọn. Àfi tó bá jẹ́ lẹ́tà àtijọ́ lẹ̀dá ìtàn yín ń kà.

Ẹlẹ́rọ

Kí ẹ tó wá ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà bí Olùkọ́Èdè ṣe sọ, ẹ gbọ́ eléyìí. "Ẹ́" kò ní kóòdù tirẹ̀ (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀). "Ẹ" ní (kékeré rẹ̀ ni U+1EB9), àmì òkè sì jẹ́ kóòdù ọ̀tọ̀ tó ń gùn ún. Àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé mìíràn ń fi "e" lásán àti àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró ṣe é (U+0323), àwọn mìíràn ń fi ilà ìdúró kékeré sísàlẹ̀ (U+0329). Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n tàbí kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Tí ẹ bá kọ apá kan lórí fóònù, apá kan lórí láápútọ́ọ̀pù, ó ṣeé ṣe kí ìwé yín ti dàrú mọ́ra.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ da "ọjọ́" kọ láti orí kìn-ín-ní, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìwákiri, ẹ wo iye tó rí. Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú "ọjọ́" láti orí tí ẹ kọ lórí fóònù. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, ìdàrúpọ̀ ti wà. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí ẹ wá pààrọ̀ ọ̀nà méjì tí ẹ ò fẹ́ sí èyí tí ẹ fẹ́: ẹ, ọ, ṣ, ńlá àti kékeré, pípààrọ̀ 12 nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún ìdánwò náà ṣe, torí pé níbi tí àmì òkè bá ti ṣáájú ti ìsàlẹ̀, pípààrọ̀ yẹn ò ní mú un. Ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ pa àtúnṣe aládàáṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì náà. Òun ló ń sọ "sí i" di "sí I".

Iná: ẹ wo ìṣirò Gègé dáadáa. Kíkà 5, àtẹ 4, ìkíni àti ọjọ́ 3, kíkà sókè 7: wákàtí 19 nínú 33 ò nílò iná tí ẹ bá ti tẹ ìwé náà sórí pépà. Wákàtí 14 ti àtúnkọ nìkan ni ẹ máa fi láápútọ́ọ̀pù ṣe, ìyẹn ìdájí méje tí ẹ bá ń lo wákàtí méjì méjì. Ẹ máa gba iná sí i lálẹ́ tí iná bá dé, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Lójoojúmọ́, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ọjọ́ wà nínú orúkọ rẹ̀: itan-0804, itan-0805. Ẹ má pe ohunkóhun ní "itan-ikeyin". Ìkẹyìn mẹ́fà ló máa wà nílẹ̀ kí lífù tó tán.

Olówó_Ẹyọ

Ẹ̀yin ń sọ ti ọjọ́ 15. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 6 tí òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù ni wọ́n ń fún wa lẹ́yìn oṣù 12. Kí ni kí irú wa ṣe?

Gègé

Kíkà látòkè délẹ̀ àti àtẹ ìran, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí 9 ni, ọjọ́ mẹ́rin á gbà á, ẹ fi méjì tó kù fún àwọn ará ilé. Iṣẹ́ méjì yìí ló nílò kí gbogbo ìwé wà lórí ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àtẹ bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè máa tún ìran kan ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, torí ẹ ti mọ ohun tí ìran yẹn wá ṣe.

Mo gba ti Olùkọ́Èdè lórí àmì ohùn. Ẹ mú wákàtí 2 kúrò nínú 14 fún un.

Akọ̀wéMọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù. Kíkà sókè yẹn, ṣé mo lè kà á fún ẹnikẹ́ni nínú ilé? Àti pé òde àríyá méjì wà nínú àwọn Sátidé yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti ẹbí ọkọ mi.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo

Ẹ lọ sí ti ẹbí ọkọ. Ẹ fi owó èkejì ránṣẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Owó tó ṣáájú ni a ń pè ní ìyẹ́sí, èyí tó tẹ̀ lé e àwáwí ni.

Olùkọ́Èdè

Ẹ kà á fún Mama, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìdajì wákàtí lójúmọ́. Kì í ṣe gbogbo ìwé: àwọn orí tí àgbàlagbà ti ń sọ̀rọ̀, tí òwe wà, tí oríkì wà. Ẹ má béèrè pé "ṣé ó dùn?" Wọ́n á ní ó dùn. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ máa sàmì síbi tí wọ́n bá ti béèrè pé "ta tún nìyẹn?", ibi tí wọ́n bá ti parí òwe yín ní ọ̀nà mìíràn, àti ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀dá ìtàn yín pọ̀ jù tàbí orúkọ wọn jọra. Ìkejì, ẹ kọ bí wọ́n ṣe pa á sílẹ̀, ẹ wá yàn lẹ́yìn. Ìkẹta, ẹ gé ojú ìwé yẹn kù. Ọmọ ọdún 11 náà lè jókòó tì yín, kó máa fojú bá kíkà náà lọ nínú ẹ̀dà kejì. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín bá fò ló máa kọ́kọ́ rí, inú rẹ̀ á sì dùn láti tú u fó. Ọmọ ọdún 7, orí tó ní ìjàpá nìkan, tí ìjàpá bá wà níbẹ̀.

Akọ̀wéMọ́kọ́lá

Ìjàpá ò sí níbẹ̀, àgbò kan wà. Mo ń lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ojú kan pépà ni àbí ojú méjì?

Ẹlẹ́rọ

Ojú kan, kí ẹ̀yìn wà fún àkọsílẹ̀. Ìlà tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì í pọ̀ gírígírí. Fáìlì tó ṣeé tú ni kí ẹ rà, torí ẹ máa gbé ìran kiri. Kí nọ́ńbà wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wò ó ní ilé kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sanwó, ọmọ ọdún méjì wà nílé yẹn.